Ọbẹ àti Èkù Rẹ̀: Ẹ̀tọ́ Mẹkáníìkì Lórí Àkókò Ara Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ó ti wù kí ọbẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òwe yìí kò ṣòro láti gbọ́, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti gbà. Ohun tí ń gé igi, tí ń gé ẹran, tí ń bẹ iṣu fún gbogbo ilé, òun náà ni kò lè ṣe ohun kékeré kan fún ara rẹ̀. Bí ó ti rí fún ọbẹ ni ó rí fún ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́. Onígbàjámọ̀ a fá orí gbogbo ọjà, irun a kún orí tirẹ̀. Aránṣọ a rán aṣọ ọdún fún gbogbo àdúgbò, aṣọ èṣí ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò wọ jáde. Ṣùgbọ́n bóyá ni ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba tó ọgbà àwọn mẹkáníìkì.

Ẹni tí ó bá wọ ọgbà mẹkáníìkì, ìbáà ṣe ní Kàdúná, ní Ìlọrin, ní Jọ́ọ̀sì tàbí ní Ìbàdàn, kò ní pẹ́ kí ó tó rí ọkọ̀ kan tí ó dá dúró ní ìdí igi máńgòrò tàbí lẹ́bàá ògiri. Wọ́n ti yọ táyà rẹ̀, wọ́n sì gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin. Ewé ti bo òrùlé rẹ̀, adìẹ sì ti sọ ìjókòó ẹ̀yìn di ìtẹ́. Àlejò lè rò pé ọkọ̀ oníbàárà tí kò rí owó san ni. Bí ó bá bèèrè, ọmọ iṣẹ́ kan yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Ti ọ̀gá ni." Nígbà púpọ̀, Ìjàpá ni, èyíinì ni Volkswagen àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, bí kò bá jẹ́ Ìjàpá, a jẹ́ Peugeot 504. Kì í ṣe ọkọ̀ tí ọ̀gá fi ń jẹun. Ọkọ̀ tí ó ti di àlòkù kí ó tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ni, tí ó sì pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé òun yóò tún un ṣe títí yóò fi dà bí ọjọ́ tí ó jáde ní ilé iṣẹ́.

Kò yani lẹ́nu pé irú ọkọ̀ méjì yìí ni ó sábà máa ń jẹ́. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Èkó àti ti Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ara ọkọ̀ wọ̀nyí ni púpọ̀ nínú àwọn mẹkáníìkì tí ó ti dàgbà lónìí ti kọ́ṣẹ́. Ọwọ́ wọn mọ Ìjàpá tí kò ní rédíétọ̀, tí afẹ́fẹ́ ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Ọwọ́ wọn mọ 504 tí ó fara da kòtò àti eruku ọ̀nà jíjìn. Ilé iṣẹ́ méjèèjì ti ṣíwọ́ títo irú wọn tipẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn fi kọ́ iṣẹ́ kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Kí ni ó wá dé tí ọkọ̀ náà fi wà lórí búlọ́ọ̀kù láti ọdún dé ọdún? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, awakọ̀ takisí kan ti dé. Bírékì rẹ̀ kò mú mọ́. Ọ̀gá kò tíì parí èyíinì tí wọ́n fi ti ọkọ̀ olùkọ́ kan wọlé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọ̀, kò dún. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tí ó ṣèlérí owó kò yọjú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣèlérí dé, ó sì ń kánjú nítorí pé ó fẹ́ rin ìrìn òru. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, ọwọ́ ọ̀gá ti kú, ẹ̀yìn ń ro ó. Yóò wo ọkọ̀ tirẹ̀ fìrí, yóò ní, "Ó di ọjọ́ Àìkú." Ọjọ́ Àìkú dé, ìpàdé ẹgbẹ́ wà, ìkómọ wà, ìnáwó òkú wà. Báyìí ni ọ̀sẹ̀ ń di oṣù, tí oṣù ń di ọdún. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ọkọ̀ náà kì í wà bí ó ti wà. Bí oníbàárà kan bá nílò kabúrétọ̀ kíákíá, tí ilẹ̀ ti ṣú, tí ọjà sì ti tú, ọ̀gá a yọ ti ara rẹ̀ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, a yọ bátìrì. Ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó máa kún a wá máa dín; èyí tí ó yẹ kí ó jíǹde a wá di ibi tí wọ́n ti ń bu ẹ̀yà ara fún àwọn ẹlòmíràn.

Ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ yìí gbé dìde kì í ṣe ti ọkọ̀ nìkan. Ǹjẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ní ẹ̀tọ́ láti yọ àkókò kúrò nínú èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń sanwó rẹ̀, kí ó fi ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀? Bí ó bá sì ní ẹ̀tọ́ náà, ǹjẹ́ ẹ̀tọ́ lásán ni, tàbí ojúṣe?

Oríṣiríṣi ni ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ. Àwọn kan ní ọ̀lẹ àti àìlétò ni ó fà á. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ń jí lọ sí ibi iṣẹ́ kí àkùkọ tó kọ, tí ó sì ń padà sílé ní alẹ́, kò ṣeé pè ní ọ̀lẹ. Àwọn mìíràn ní òṣì ni. Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òtítọ́ wà nínú èyí, ẹni tí kò bá sì mọ ohun tí ó jẹ́ láti wá owó oúnjẹ òòjọ́ kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n òṣì nìkan kò lè ṣàlàyé rẹ̀ tán, nítorí pé ọkọ̀ àwọn ọ̀gá tí ọwọ́ wọn ti tó ẹnu náà wà lórí búlọ́ọ̀kù. Bí owó ṣe ń pọ̀ sí i ni iṣẹ́ ń pọ̀ sí i.

Èrò kẹta ni ó lágbára jù lọ. Àwọn tí ó dì í mú ní kì í ṣe àléébù rárá, pé ìwà ọmọlúàbí gan-an ni. Ẹni tí ó gbé oníbàárà ṣíwájú ara rẹ̀, tí ó yọ kabúrétọ̀ tirẹ̀ kí aláìsàn lè dé ilé ìwòsàn lóru, kí ni ènìyàn tún ń wá lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé kí mẹkáníìkì jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kú sójú ọ̀nà nítorí Ìjàpá tí ó wà ní ìdí igi. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbádùn lásán ni ọkọ̀ náà wà fún, èrò yìí ì bá borí, àròyé ì bá sì tán. Nítorí náà, ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ wo ohun tí ọkọ̀ náà jẹ́ fún ẹni tí ó ni ín.

Iṣẹ́ tí mẹkáníìkì ń ṣe fún oníbàárà ní ààlà mẹ́ta: owó tí oníbàárà mú wá, àkókò tí ó fi sílẹ̀, àti ohun tí ó wí pé ó ń ṣe ọkọ̀ òun. Bí ó bá ní ariwo kan ń dún lábẹ́ ọkọ̀, ariwo náà ni wọn yóò wá. Bí mẹkáníìkì bá rí ohun mìíràn tí ó ti ń jẹ, ó lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò lè tú u láìgba àṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí. Ọkọ̀ ẹlòmíràn ni. Lórí ọkọ̀ tirẹ̀, ààlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sí. Níbẹ̀ ni ó lè tú àpótí gíà palẹ̀ kí ó kàn wo bí eyín ṣe ń wọ ara wọn. Níbẹ̀ ni ó lè ṣe nǹkan kan, kí ó tú u, kí ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta nítorí pé ẹ̀ẹ̀kejì kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Níbẹ̀ ni àṣìṣe rẹ̀ kò ti ní pa ẹlòmíràn lára.

Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yìí ni ó yẹ kí ènìyàn dúró lé lórí, nítorí pé iṣẹ́ mẹkáníìkì ti yí padà. Láti ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ ní ètò kan náà tí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ yóò fi máa sọ àrùn tí ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ni ó ti di tòkunbọ̀ lójú pópó Nàìjíríà. Ẹni tí ó fi etí gbọ́ àrùn 504, tí ó fi sípánà àti ahọ́n dán epo kabúrétọ̀ wò, ni wọ́n wá gbé ọkọ̀ tí kò ní kabúrétọ̀ fún. Ó di dandan kí ó kọ́ iṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ̀kọ́ kò sì ṣeé kọ́ láìṣe àṣìṣe. Ara ọkọ̀ ta ni yóò ti ṣe àṣìṣe náà? Bí kò bá ní ọkọ̀ tirẹ̀, tàbí tí ó ní in tí kò ráyè fọwọ́ kàn án, ara ọkọ̀ oníbàárà ni yóò ti kọ́ ọ. Oníbàárà ni yóò san owó wáyà tí ó já, òun náà ni yóò sì san owó ẹ̀yà ara tí wọ́n pààrọ̀ láìjẹ́ pé òun ni ó bàjẹ́.

Ibí yìí ni èrò àwọn tí ó ní kí mẹkáníìkì gbàgbé ara rẹ̀ nítorí oníbàárà ti yí padà lu ara rẹ̀. Ẹni tí kò fi àkókò kankan sílẹ̀ fún iṣẹ́ ara rẹ̀, ó dà bí ẹni pé ó ń ṣe oníbàárà lóore, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀rẹyìn, oníbàárà ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Ọbẹ tí kò ní èkù lè mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ó ń lò ó ni yóò gé.

Ìtàn àwọn tí ó dá ọkọ̀ sílẹ̀ jẹ́rìí sí i pé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ránni ni iṣẹ́ ti ń dàgbà. Ní ọdún 1896, ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà, ẹnjiníà ni Henry Ford ní ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Edison. Iṣẹ́ ọ̀gá ni ó ń ṣe lójúmọ́. Àkókò tí ó ṣẹ́kù fún un ni ó fi ń to ọkọ̀ kékeré kan pọ̀ nínú ilé bíríkì kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé tí ó háyà. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni ó parí rẹ̀. Ìgbà tí ó fẹ́ gbé e jáde ni ó rí i pé ẹnu ọ̀nà kò gbà á. Àáké ni ó fi wó ògiri. Ní ilẹ̀ Japan, Soichiro Honda, ọmọ alágbẹ̀dẹ, lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní ilé iṣẹ́ Art Shokai ní Tokyo ní ọdún 1922. Ọ̀gá rẹ̀, Yuzo Sakakibara, kò fi títún ọkọ̀ onílé ọlọ́nà ṣe nìkan mọ. Ó ń to ọkọ̀ ìdíje tirẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ náà fọwọ́ sí i. Ní ọdún 1924, ọkọ̀ kan tí wọ́n ki ẹ́ńjìnnì bàálù Curtiss sí nínú gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje, Honda sì ni mẹkáníìkì tí ó jókòó ti awakọ̀. Ọdún 1948 ni ó dá ilé iṣẹ́ Honda sílẹ̀. Kì í ṣe pé gbogbo ẹni tí ó bá ń tún Ìjàpá ṣe ní ìdí igi máńgòrò ni yóò di olówó bí àwọn méjì yìí. Ohun tí ìtàn wọn fi hàn ni pé ohun tí wọ́n kọ́ nínú iṣẹ́ ara wọn, iṣẹ́ oníbàárà nìkan kì bá tí kọ́ wọn.

Àwọn baba ńlá Yorùbá kò ṣàìmọ èyí. Ìwọ̀fà ni ẹni tí ó fi iṣẹ́ ara rẹ̀ dípò èlé owó tí ó yá. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, kò ka ìwọ̀fà kún ẹrú. Apá kan ọjọ́ ni ti olówó. Bí ìwọ̀fà bá ti ṣe ìwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀ tán, ìyókù ọjọ́ di tirẹ̀. Bákan náà ni àgbẹ̀ àtijọ́ máa ń bu ilẹ̀ díẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó bá ti dàgbà, kí ó lè máa ro ó ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oko baba. Kì í ṣe pé ìwọ̀fà jẹ́ ohun tí ó dára tí ó yẹ kí ó padà wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ńlá ni pé àwọn tí ó fi ènìyàn dúró fún gbèsè pàápàá kò gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mẹkáníìkì tí kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó, tí kò sì ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo tí í ṣe tirẹ̀ láti oṣù dé oṣù, ipò rẹ̀ ha sàn ju ti ìwọ̀fà lọ bí?

Síbẹ̀, gbogbo ẹ̀tọ́ ni ó ní ààlà. Kò sí ọbẹ tí ó yẹ kí ó jí igi onígi láti fi ṣe èkù. Mẹkáníìkì tí ó gba owó ẹ̀yà ara lọ́wọ́ oníbàárà, tí ó fi ra ti ọkọ̀ tirẹ̀, olè ni. Èyí tí ó yọ ohun tí ó dára lára ọkọ̀ oníbàárà, tí ó fi èyí tí ó ti gbó dípò rẹ̀, olè ni òun náà, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sì lè pa ènìyàn lójú ọ̀nà. Èyí tí ó ń kun ọkọ̀ tirẹ̀ ní ọ̀dà nígbà tí ọkọ̀ oníbàárà tí ó ti sanwó ń pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ìdúró, àkókò ni ó jí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́. Wọ́n wá kọ́ṣẹ́ ni; bí ọ̀gá bá ń kọ́ wọn ní ohun tuntun lórí ọkọ̀ tirẹ̀, oore ni, ṣùgbọ́n bí ó bá ń dá wọn dúró di òru láìjẹun, tí kò sì ṣàlàyé ohunkóhun fún wọn, ìrẹ́jẹ ni. Èyí tí ó jinlẹ̀ jù ni ti ìyàwó àti ọmọ. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìrọ̀lẹ́ tí mẹkáníìkì ń fi tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe kò gbọdọ̀ jẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ rẹ̀ ì bá fi rí ojú baba wọn.

Níbo ni àkókò náà yóò ti wá nígbà náà? Àkókò kì í ṣẹ́kù. Ṣe ni wọ́n ń yà á sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ń dúró kí iṣẹ́ oníbàárà tán kí ó tó fọwọ́ kan tirẹ̀, títí ayé ni yóò dúró. Àwọn àgbà ya ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún òrìṣà nínú ọ̀sẹ̀ wọn; Ògún tí ó ni irin ní ọjọ́ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé òun yóò bọ ọ́ nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Wákàtí méjì péré lọ́sẹ̀, bí wọn kò bá yẹ̀ ẹ́, yóò di wákàtí 104 lọ́dún. Iṣẹ́ ọjọ́ 13 ni èyíinì fún ẹni tí ó ń ṣe wákàtí 8 lójúmọ́. Ọjọ́ 13 lè má tún ọkọ̀ kan ṣe tán, ṣùgbọ́n ó tó láti mú un kúrò lórí búlọ́ọ̀kù.

Ohun kejì ni àáró. Òwe ní ọbẹ kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Kò ní ọbẹ mìíràn kò lè bá a gbẹ́ ẹ. Nínú ọgbà kan náà ni mẹkáníìkì, panẹ́ẹ̀bítà, rìwáyà àti akunkọ̀ wà, olúkúlùkù wọn ni ó sì ní ọkọ̀ tí ó dá dúró. Ọkọ̀ mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì, ara rẹ̀ ti dípẹtà. Ọkọ̀ panẹ́ẹ̀bítà ń dán, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Àwọn àgbẹ̀ mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe: lónìí, gbogbo wọn a ro oko Àjàní, ní ọjọ́ mìíràn, wọn a ro ti Àlàó. Bí àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí bá ń ṣe àáró lórí ọkọ̀ ara wọn, ohun tí ọdún márùn-ún kò lè ṣe fún ẹnì kan lè di ṣíṣe láàárín oṣù díẹ̀. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ẹ̀kọ́ tún wà níbẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá ń wo ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò mọ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹnì kan lè bèèrè pé: bí ọkọ̀ náà kò bá parí ńkọ́? Bí ọ̀gá bá kú, tí wọ́n sì ta Ìjàpá rẹ̀ fún àwọn tí ń ra irin àlòkù, gbogbo wàhálà náà kò ha já sí asán? Kò já sí asán bí ó bá jẹ́ pé ó ń fọwọ́ kàn án. Ohun tí ó kọ́ lára rẹ̀ ti wọnú ọkọ̀ awakọ̀ takisí àti ti olùkọ́. Ó ti wọ ọwọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ó gba òmìnira lọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí tí ó já sí asán ni ọkọ̀ tí wọn kò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lé búlọ́ọ̀kù, tí ó kàn ń rán olówó rẹ̀ létí ní ojoojúmọ́ pé ó ti fi ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì yọ ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Olùkọ́ tí ń ka ìwé nítorí ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ nìkan, tí kò ka ìwé kan rí láti ọdún mẹ́wàá nítorí pé òun fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ tirẹ̀ náà wà lórí búlọ́ọ̀kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kọ́ ohunkóhun àfi ohun tí wọn yóò bi í nínú ìdánwò ti ń bá wọn to búlọ́ọ̀kù láti ìgbà èwe. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wọ kíláàsì, orí àwọn ọmọ ni yóò ti kọ́ ohun tí kò kọ́ nígbà tí àkókò jẹ́ tirẹ̀, àwọn òbí ni yóò sì san gbèsè náà. Kí olúkúlùkù oníṣẹ́ ya ìrọ̀lẹ́ tirẹ̀ sọ́tọ̀, kí ó wá ẹlẹgbẹ́ tí yóò bá a gbẹ́ èkù rẹ̀, kí ó sì bá ẹlẹgbẹ́ náà gbẹ́ tirẹ̀. Ọbẹ tí ó bá ní èkù tí ó dúró dáadáa ni ó ń ṣe ilé ní àǹfààní fún ìgbà pípẹ́.